Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí mo ṣèlérí kí n tó gbọ́ àyà Màmá

Ẹni ọdún 81 ni Màmá. Òru Ọjọ́ Ajé, ní nǹkan bí aago mẹ́ta, wọ́n dìde láti lọ tọ̀, wọ́n sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, fọ́tò egungun ti fi hàn pé ọrùn egungun itan òsì ti kán. Nínú fáìlì tí wọ́n gbé fún mi nírọ̀lẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, pé wọ́n fa sìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jáwọ́, pé ẹ̀dọ̀fóró wọn kò gbé èémí dáadáa mọ́, àti pé etí wọn ti ń di. Láìfi ọ́síjìn kún un, 90 nínú 100 ni ẹ̀rọ tí a fi sí wọn níka ń kà fún ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Níbi tí a ti ń kọ oògùn tí aláìsàn ń lò, "oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn ọkàn" ni ẹni tó gbà wọ́n wọlé kọ síbẹ̀, kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ abẹ ti wà lórí pátákó fún aago mẹ́jọ àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Dókítà oníṣẹ́ abẹ fẹ́ yọ orí egungun tó kán, kó fi irin rọ́pò rẹ̀.

Èmi ni dókítà akunnilóorun tí iṣẹ́ náà kàn. Mi ò tíì wọlé bá Màmá tí ọmọ wọn obìnrin fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì mí lápá mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn sùn o. Bàbá wa sùn báyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọn ò jí mọ́."

Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: "Ẹ fọkàn balẹ̀, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn la máa lò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí n kọ àkọsílẹ̀ yìí. Kì í ṣe pé kò ní ìdí. Ẹ̀dọ̀fóró Màmá ò dára, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn sì máa ń jẹ́ kí aláìsàn fi ara rẹ̀ mí, láìsí páìpù lọ́nà ọ̀fun, láìsí ẹ̀rọ tí ń bá a mí. A ó gún un sáàárín egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ ibi tí okùn ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí. Oògùn tí kò ju mìlílítà méjì sí mẹ́ta lọ ti tó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹsẹ̀ á kú, kò ní mọ ọ̀bẹ. Láti 1898 tí August Bier ti kọ́kọ́ ṣe é fún iṣẹ́ abẹ ní Jámánì ni àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ti ní ọ̀nà méjì lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti gbà lọ́kàn pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló yẹ àgbàlagbà tí egungun itan rẹ̀ kán. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò tíì gbé ẹ̀rọ lé Màmá láyà nígbà tí mo sọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí mo wọlé, mo béèrè ìbéèrè kan tí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú fáìlì: "Màmá, kí ló gbé yín ṣubú?" Wọn ò gbọ́. Mo pariwo, wọn ò gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan ló rántí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wọn tó wà nínú àpò, ó fi í sí wọn létí. Wọ́n ní, "Ojú mi ló ṣókùnkùn. Ilẹ̀ ni mo ti bá ara mi."

Gbogbo wa ti ń kọ "ó ṣubú" látàárọ̀, bí ẹni pé omi ló yọ̀ wọ́n. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn kó tó ṣubú, ọkàn rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè. Mo gbọ́ àyà wọn. Ariwo kan wà níbẹ̀ tó ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń fa pákó nílẹ̀, ó gòkè títí dé ọrùn. Lílù ọkàn náà kò tò léra: ó yára méjì, ó dúró, ó tún sáré.

Ohun méjì ni etí mi gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun méjèèjì ló sì da ìlérí mi rú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ti ọkàn tí kò lù déédéé ṣáájú. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀, kó ta lọ sí ọpọlọ, kó di rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fún àwọn tó ní in lóògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo bi ọmọ wọn bóyá ó lè kó gbogbo oògùn wá látilé. Kò pẹ́ tó fi dé pẹ̀lú àpò kan. Apixaban wà nínú rẹ̀, èyí tí Màmá ń lò lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Òun ni "oògùn ọkàn" tó wà nínú fáìlì.

"Ìgbà wo ni wọ́n lò ó kẹ́yìn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀sán òní. Èmi ni mo fún wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ò fún wọn, mo sì mọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ pa oògùn ọkàn jẹ."

Mi ò lè bá a wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó má fún wọn, oore ló sì fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá gún abẹ́rẹ́ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn ẹni tí oògùn yìí ṣì wà lára rẹ̀, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan sì bẹ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè rọ́ jọ láàárín egungun tí kò lè fẹ̀, kó tẹ okùn ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì rọ. Kì í wọ́pọ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, tí a ò sì tètè la ibẹ̀ láàárín wákàtí bíi mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ náà lè má padà bọ̀ sípò. Ẹni tí abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ ní tètè mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti rọ. Àwọn ìlànà kò sọ iye wákàtí kan náà, àmọ́ èyí tí à ń tẹ̀ lé níbi iṣẹ́ wa ní ká dúró fún wákàtí 72 lẹ́yìn apixaban kí á tó gún ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìyẹn bọ́ sí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Ariwo àyà ńkọ́? Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni a ṣe skáànù ọkàn. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara ti gan, ó sì ti fún. Lára àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, ihò ilẹ̀kùn yìí máa ń tó sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 3 sí 4. Tí kò bá tó 1, ó ti le nìyẹn. Ti Màmá jẹ́ 0.8. Ìyàtọ̀ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láàárín ẹ̀yìn àti iwájú ilẹ̀kùn náà jẹ́ 44, bẹ́ẹ̀ 40 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Ọkàn tó ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàdédé tú ẹ̀jẹ̀ síta ju èyí tó ń tú lọ. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara bá fẹ̀ lójijì, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn fúnra rẹ̀ ń jẹ á dín kù. Ọkàn tí kò rí jẹ á rẹ̀, ìfúnpá á tún já sí i. Eré ìparun ni, ó sì máa ń yára. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn gan-an ló sì máa ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, torí pé bó ti ń pa fọ́nrán tó ń mọ ìrora, bẹ́ẹ̀ ló ń pa fọ́nrán tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Oògùn akunnilóorun náà ń já ìfúnpá wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé mo lè fún un ní díẹ̀díẹ̀, kí n dúró, kí n wò, kí n tó fi kún un. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí mo ti ti gbogbo rẹ̀ wọlé, mi ò lè fà á padà.

Àwọn kan máa ń fi páìpù tín-ín-rín sílẹ̀ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kí wọ́n máa fún aláìsàn ní oògùn náà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Mo ti ṣe é rí, ó sì bá irú ọkàn yìí mu. Apixaban ló dínà ìyẹn.

Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ká kúkú dúró di Ọjọ́bọ̀. Ó ní ẹ̀dọ̀fóró yẹn kò ní jí lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kò ṣàìnídìí, a sì jọ jiyàn fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ẹ̀dọ̀fóró kan náà yẹn ló máa wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí kò lè yí ara padà, tí ìrora kò jẹ́ kó lè húkọ́ dáadáa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á wọ̀ ọ́ láyà, ara á bó, ẹ̀jẹ̀ á dì lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí láàárín wákàtí 36 sí 48. Ọjọ́bọ̀ á sì dé, ilẹ̀kùn ọkàn á ṣì wà ní 0.8. A fẹnu kò sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun: wákàtí 37 lẹ́yìn ìṣubú, wákàtí 28 lẹ́yìn oògùn. Kíndìnrín Màmá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú oògùn náà á ti kúrò lára wọn, débi tí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ á fi ṣeé ṣe. A ní kí wọ́n tọ́jú àpò ẹ̀jẹ̀ méjì sílẹ̀. Oorun àsùnwọra ni a ó lò.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn náà, mo fi skáànù wo itan Màmá, mo sì gún oògùn apa-ìrora yí fọ́nrán tó wá láti ibi tó kán ká. Abẹ́rẹ́ itan yìí kò jìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tiẹ̀ yọ níbẹ̀, ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́, nítorí náà apixaban kò dí i lọ́wọ́ bó ṣe dí ti ẹ̀yìn. Kò tó ìdajì wákàtí tí ojú wọn fi tú. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè bá wa sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn tó gùn.

Mo wá ṣàlàyé ọ̀nà méjèèjì fún wọn, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ létí. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Àtàárọ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ lórí mi," ni wọ́n wí. "Kò sẹ́ni tó bi mí. Èmi ò fẹ́ lajú sílẹ̀ kí n máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan egungun mi. Ẹ jẹ́ kí n sùn."

Mo jókòó ti ọmọ wọn. Mo sọ fún un pé mo yára sọ̀rọ̀, pé mo ṣèlérí ohun tí mi ò tíì yẹ̀ wò, kó má bínú. Ó sunkún. Mo ní kó sọ ti Bàbá fún mi. Ìfun tó bẹ́ ni wọ́n torí rẹ̀ gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láàárín òru, nígbà tí ibà àti ìdọ̀tí ti wọ ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ìfúnpá wọn ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì lè sọ ohun tó pa wọ́n, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun tí mo lè sọ ni bí a ṣe máa ṣe ti Màmá, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀, títí kan ikú. Ó béèrè pé ṣé èmi fúnra mi ni màá wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, kí Màmá tó sùn rárá, mo fi abẹ́rẹ́ apa-ìrora díẹ̀ sí ọwọ́ wọn, mo sì fi páìpù kékeré sí iṣan tí ń lù lọ́rùn ọwọ́, kí ìfúnpá lè máa hàn lójú ẹ̀rọ ní ìlù dé ìlù. Mo ti ń fa oògùn tí ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí wọn lára kí n tó fa ti oorun. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wò dáadáa, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tí ìfúnpá já kó tó wá oògùn rẹ̀ ti pẹ́ jù fún irú ọkàn yìí. 148 ni ìfúnpá òkè kí wọ́n tó sùn. Mo fún wọn ní oògùn oorun ní ìdá kékeré, mo dúró, mo fi díẹ̀ kún un. Ó lọ sí 118, ó dúró síbẹ̀. Páìpù wọ ọ̀nà èémí láìsí wàhálà. Mo dín iye mímí tí ẹ̀rọ ń bá wọn mí kù, mo sì jẹ́ kí àkókò èémí ìjáde gùn, torí ẹ̀dọ̀fóró tí sìgá ti bàjẹ́ máa ń pẹ́ kó tó tú afẹ́fẹ́ tó gbà sínú.

Mo ti bẹ dókítà oníṣẹ́ abẹ pé kó ké sí mi kó tó ki sìmẹ́ǹtì tí yóò di irin náà mú sínú egungun. Bí sìmẹ́ǹtì bá wọlé, agbára tí a fi tì í á ti ọ̀rá àti mùdùnmúdùn inú egungun sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n sì máa ń lọ dí. Ó fọ inú egungun dáadáa, ó ké sí mi. Mo ti gbé ọ́síjìn sí 100. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí káríbọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tí ń jáde nínú èémí fi já láti 35 sí 24, ìfúnpá sì já láti 135 sí 82. Mo ti di abẹ́rẹ́ mú. Mo fún wọn ní èyí tó ń fún iṣan pọ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, mo wá fi adrenaline díẹ̀, oògùn tó ń mú kí ọkàn lù gírígírí, tẹ̀ lé e. Gbogbo yàrá dákẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló gbà kí ìfúnpá tó padà sí 120. Ká ní orí aṣọ tí a ń wé mọ́ apá, tó máa ń kà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, ni mo gbójú lé, mi ò bá má mọ̀ títí yóò fi bọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ abẹ parí, mo rí i dájú pé oògùn tó ń tú iṣan ara sílẹ̀ ti tán lára wọn kí n tó yọ páìpù. Màmá mí fúnra wọn lórí ìjókòó, pẹ̀lú ọ́síjìn díẹ̀ nímú. Nítorí abẹ́rẹ́ itan, oògùn ìrora líle tí wọ́n nílò kò tó nǹkan, èémí wọn kò sì dákú.

Mo rò pé ó ti parí. Alẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n pè mí. Màmá ń ṣe ìrànrán: wọ́n fẹ́ fa dírípù yọ, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, wọn ò mọ ọmọ wọn. Ọmọ náà wò mí. "Dókítà, ṣé oògùn oorun yẹn kọ́ nìyí?"

Ó wù mí kí n sọ pé rárá. Ẹnu mi ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan ní Ọjọ́ Ajé, nítorí náà mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò wọ́n." Ọ́síjìn dára. Ṣúgà dára. Ibà kò sí. Wọ́n ti yọ páìpù ìtọ̀ ní ọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó bi Màmá bóyá wọ́n ti tọ̀ láti ìgbà náà. Skáànù fi 750 mìlílítà hàn nínú àpò ìtọ̀. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ wọn sì wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní yàrá iṣẹ́ abẹ. A fa ìtọ̀ náà, a fi ẹ̀rọ sí wọn létí, ọmọ wọn di ọwọ́ wọn mú, a pa iná. Wọ́n sùn. Ní àárọ̀ Ẹtì, wọ́n mọ gbogbo wa lórúkọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí mo sọ ìtàn yìí fún máa ń béèrè èyí tó dára jù nínú ọ̀nà méjèèjì. Ìwádìí REGAIN, tó jáde ní 2021, wo 1,600 èèyàn tí egungun ìbàdí wọn kán ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lẹ́yìn ọjọ́ 60, àwọn tó kú tàbí tí kò lè dá rìn jẹ́ 18.5 nínú 100 lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, 18.0 lára àwọn tó sùn. Ìrànrán jẹ́ 20.5 àti 19.7. Ìwádìí RAGA láti Ṣáínà, lórí àwọn 950 tó ti pé ọdún 65 sókè, náà kò rí ìyàtọ̀ gidi nínú ìrànrán. Mo ka nọ́ńbà wọ̀nyí fún ọmọ Màmá, wọ́n sì tù ú nínú. Ṣùgbọ́n kí àwa oníṣẹ́ kà á dáadáa: REGAIN kò gba ẹni tí ewu abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ti hàn lára rẹ̀ wọlé, irú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dì tàbí tí ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ fún gan-an. Màmá kò lè wọ inú ìwádìí náà. Nọ́ńbà yẹn ń sọ pé ẹni tí ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún, kò sí ìdí láti fi ẹ̀rù ọ̀kan pa á. Kò sọ bóyá ọ̀nà méjèèjì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú rẹ. Etí, ọwọ́ àti ìbéèrè ló ń sọ ìyẹn.

Ohun tó yí padà lọ́wọ́ tèmi kò pọ̀. Mo máa ń béèrè ìdí tí èèyàn fi ṣubú kí n tó béèrè ohunkóhun. Mi ò tún béèrè "oògùn wo lẹ̀ ń lò?" nìkan mọ́; mo máa ń béèrè pé, "Láti ìgbà tí ẹ ti dé ọ̀dọ̀ wa, kí ni ẹnikẹ́ni ti fún yín, títí kan ará ilé?" Mo ní kí wọ́n kó àpò oògùn wá, kí n fojú ara mi rí i. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àti awò ojú ń bá aláìsàn lọ títí dé orí tábìlì, wọ́n sì ń bá a padà. Bí ìdílé bá sì bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé èwo la máa lò, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n wọlé ná.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni Màmá fi igi ìrìn rìn jáde. Wọ́n ti fún wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò padà wá sọ́dọ̀ dókítà ọkàn nítorí ilẹ̀kùn yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n tún wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo kọ lẹ́tà sí dókítà akunnilóorun tí yóò bá wọn nígbà náà, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́. Mo kọ 0.8 àti 44. Mo kọ bí ìfúnpá ṣe já nígbà sìmẹ́ǹtì àti ohun tó gbé e dìde. Mo kọ orúkọ apixaban ní lẹ́tà ńlá. Ní ìsàlẹ̀ gan-an, mo kọ pé: ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí wọn létí, kí ẹ tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é.